Ẹnubodè Kì Í Ṣe Oko

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ó lè má dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn ẹni ló ń sọ òótọ́ fún ni. Ọ̀rọ̀ náà ni pé a ti sọ ẹnubodè di oko wa. Ẹnubodè kì í sì í ṣe oko.

Kí ni mo rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀?

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan nítòsí wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Baba rẹ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un, ọ̀pẹ sì wà lórí ilẹ̀ náà. Ó ta ìdajì rẹ̀. Ó fi owó náà ra ọkọ̀ àlòkù kan, ó sì fi ń kó epo kpayo láti ẹnubodè. Owó ń wọlé. Ó fi páànù tuntun bo ilé, ó rán àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo wa ń yìn ín. Nígbà tí ó di ọdún 2023, epo gbówó lórí ní Nàìjíríà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjà rẹ̀ dúró. Ọkọ̀ bàjẹ́, kò sí owó láti tún un ṣe. Ó padà sí oko, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó kù kò tó bọ́ ilé rẹ̀ mọ́. Lónìí, iṣẹ́ àgbàṣe ni ó ń ṣe lórí ilẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà.

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé: "Ojoojúmọ́ ni ó ń kọjá lábẹ́ ọ̀pẹ baba rẹ̀, kò sì lè ká ìdì ẹyìn kan níbẹ̀."

N kò sọ èyí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Bóyá èmi náà ì bá ṣe bí ó ti ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí.

ILẸ̀ WO NI A Ń GBÉ?

Kí a tó sọ ohun tó yẹ kí a ṣe, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé wa dáadáa.

Sakẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀ wà ní ẹkùn tí ìjọba ń pè ní Plateau. Kòmúùnù márùn-ún ló wà nínú ẹkùn náà: Sakẹ́tẹ́, Pobẹ̀, Kétu, Ìfọ̀nyìn àti Ajá-Wẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé ni "plateau". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ gíga tí orí rẹ̀ tẹ́jú. Orúkọ náà bá wa mu. A kò ní àwọn òkè olókùúta bíi ti Atakórà ní àríwá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Àjàṣẹ́ ń bọ̀ yóò rí i pé ilẹ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, odò kì í bo oko wa mọ́lẹ̀ bó ṣe ń bo oko àwọn tó wà ní etí odò Wẹ̀mẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kànga wa máa ń jìn.

Oríṣi ilẹ̀ méjì ni a ní.

Èkíní ni ilẹ̀ pupa. Òun ló pọ̀ jù ní Sakẹ́tẹ́ àti ní àyíká Pobẹ̀. Ó jìn, kò ní òkúta, ó rọrùn láti fi ọkọ́ ro. Ọ̀pẹ fẹ́ràn rẹ̀. Àgbàdo, gbágùúdá, ẹ̀wà àti ẹ̀pà máa ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa kì í ṣe ẹrú. Bí a bá ń kórè lórí rẹ̀ lọ́dọọdún tí a kò sì fún un ní oúnjẹ, yóò ṣá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣá, ẹ̀kan ni yóò gbà á.

Èkejì ni ilẹ̀ dúdú. Òun ni ti Ìsàbà àti ti àwọn ará wa Ọ̀họ̀rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń la ẹnu tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè wọ inú rẹ̀. Nígbà òjò, ó máa ń di ẹrẹ̀ tí ń gbé bàtà mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ó lọ́ràá, ṣùgbọ́n ó le láti ro. Ó sì tún le láti kó irè jáde níbẹ̀ nígbà òjò.

Ní ìhà ibẹ̀ náà, ní Onígbólò, òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀. Òkúta yìí ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ìjọba Nàìjíríà jùmọ̀ dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Òjò wa tún ń rọ̀ lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún. Òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta títí di oṣù keje. Òjò kékeré máa ń rọ̀ láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kọkànlá. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní àríwá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbin àgbàdo lọ́dún. Àwa lè gbìn ín lẹ́ẹ̀méjì.

Ọ̀pẹ wa ńkọ́? Ní ọdún 1922, nígbà ìjọba Faransé, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ọwọ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ni ó sì wà. Wọ́n tún ṣe ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Sakẹ́tẹ́ lọ sí Pobẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá? Epo àti ekùrọ́ wa ni. Àwọn tó wá láti òkèèrè rí i pé ilẹ̀ yìí dára. Ó yẹ kí àwa tí a bí sórí rẹ̀ rí i pẹ̀lú.

Ohun kan ṣì kù tó yẹ kí a mọ̀. Ní ọdún 2002, nígbà tí ìjọba ka ènìyàn, àwa tí a wà ní ẹkùn Plateau jẹ́ bíi 407,000. Ní ọdún 2013, a ti lé ní 622,000. Ènìyàn ń pọ̀ sí i. Ilẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ilẹ̀ tí baba kan fi bọ́ ọmọ mẹ́rin, àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ni yóò pín in. Bí a bá tún wá tà lára rẹ̀, kí ni àwọn ọmọ-ọmọ yóò jẹ?

KỌ́KỌ́RỌ́ ẸNUBODÈ KÒ SÍ LỌ́WỌ́ WA

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ẹnubodè wàyí.

Ààlà tó wà láàárín àwa àti Nàìjíríà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ṣe àdéhùn ní Paris, wọ́n sì pín ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sí ìhà kan, àbúrò bọ́ sí ìhà kejì. Èdè kan náà ni a ń sọ, ìyàwó ni a ń fẹ́ lọ́wọ́ ara wa, ọjà kan náà ni a ń ná. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí a má ṣe bá àwọn ará ìhà kejì ṣòwò mọ́, n kò ní gbà pẹ̀lú rẹ̀. Òwò láàárín wa ti pẹ́ ju ààlà lọ.

Ṣùgbọ́n ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ wo ohun tí ojú wa ti rí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, Nàìjíríà ti ẹnubodè. Ó di ọdún 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn àgbà wa kò gbàgbé ìyà ìgbà náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, wọ́n tún tì í. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ àwọn olè tí ń jí ọkọ̀ gbé kọjá ààlà ló fà á. Àwọn olè ló ṣẹ̀, àwọn oníṣòwò ni ọjà wọn bàjẹ́.

Ní ọjọ́ ogún oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n tì í fún ìgbà pípẹ́. Tòmátì àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó jẹrà sínú ọkọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo tí kò tó 20 kìlómítà sí ààlà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n ṣí àwọn ẹnubodè kan. Ìdí-Ìrókò, tó kọjú sí Igólò wa, kò sí lára wọn. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i. Ẹ ka ọdún náà lórí ìka yín. Ó ju ọdún méjì àti ààbọ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ààrẹ tuntun gorí oyè ní Nàìjíríà, ó sì kéde lọ́jọ́ náà pé owó tí ìjọba fi ń dín iye owó epo kù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo kpayo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ́ kí owó náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Kí ọdún kan tó pé, ó ti sọ ju ìdajì agbára rẹ̀ nù. Ẹni tí ń fi náírà ra àgbàdo àti gàrí wa kò lè ra tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará, nínú gbogbo èyí, ta ni wọ́n bi léèrè ní Sakẹ́tẹ́? Ta ni wọ́n rán níṣẹ́ sí ní Pobẹ̀? Kò sí ẹnì kankan. Wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n rò pé yóò dára fún orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé gbogbo ẹyin rẹ̀ sínú agbọ̀n tí ẹlòmíràn gbé dání, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí wọ́n bá fọ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìlera. Epo kpayo ń pa ènìyàn. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké gbiná. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó kú lọ́jọ́ náà, ọmọdé sì wà lára wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé epo sínú yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ẹ má ṣe fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má ṣe mú un bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa mu. Bí ó bá ń bì í, epo lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

ÀWỌN KAN YÓÒ SỌ PÉ...

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní: "Iṣẹ́ oko kò mówó wá. Oṣù mẹ́ta ni a fi ń dúró de àgbàdo. Ẹnubodè ń fún wa lówó lójoojúmọ́. Òun ni a fi san owó ilé-ẹ̀kọ́. Òun ni a fi ra oògùn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo mọ àwọn ìyá tó jẹ́ pé owó ẹnubodè ni wọ́n fi tọ́ ọmọ yanjú. N kò bú wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ẹni tó lè ṣòwò máa ṣòwò.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí owó ẹnubodè máa wọ inú oko, kí oko má ṣe máa wọ inú ẹnubodè. Bí o bá jèrè lẹ́nubodè, fi díẹ̀ ra ọ̀dọ́ ọ̀pẹ tuntun. Fi díẹ̀ ra ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá. Fi díẹ̀ kọ́ àká. Ìyẹn ni ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá ta ilẹ̀ ra alùpùpù, alùpùpù yóò gbó láàárín ọdún márùn-ún. Ilẹ̀ kì í gbó bí a bá tọ́jú rẹ̀.

Èmi náà gbà pé oko kò mówó wá tó. Ṣùgbọ́n kí ló fà á? Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń kórè, títà ni a ń tà á bí ó ti ti oko dé. A ń ta ẹyìn tútù, a ń ta gbágùúdá tí wọn kò tíì wú nílẹ̀, a ń ta àgbàdo nígbà tí gbogbo ayé ń ta àgbàdo. Èrè tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ń bọ́ sí.

ÌTÀN ÀWỌN ARÁ ÒKÈ KAN NÍ KÒRÍÀ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ibì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kò dára tó tiwa, kí ẹ lè rí ohun tí mo ń sọ.

Orílẹ̀-èdè Kòríà jìnnà sí wa, ó wà ní ìlà-oòrùn ayé. Òkè ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìlú agbègbè kan wà ní gúúsù rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Imsil. Oko ìrẹsì díẹ̀ ló wà láàárín àwọn òkè náà. Òtútù máa ń mú níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń dì. Wọn kò ní ọ̀pẹ, wọn kò lè gbin gbágùúdá. Ní ìgbà náà, tálákà ni wọ́n.

Ní ọdún 1964, àlùfáà kan tó wá láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù dé ọ̀dọ̀ wọn. Orúkọ rẹ̀ ni Didier t'Serstevens. Ó wo àwọn òkè náà. Ó rí i pé koríko wà lórí wọn. Ewúrẹ́ méjì ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ewúrẹ́, wọ́n ń fún wàrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n wàrà tútù kò pẹ́ kó tó bàjẹ́, ẹni tí yóò rà á kò sì pọ̀. Nítorí náà, àlùfáà náà àti àwọn àgbẹ̀ gbìyànjú láti sọ wàrà di ohun tó dà bí wàgàsì tí àwọn Fúlàní ń tà fún wa, èyí tó lè pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é tì. Ó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Àlùfáà náà padà sí Yúróòpù lọ kọ́ iṣẹ́ náà sí i. Nígbà tí ó yá, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ń gbé e lọ tà fún àwọn ilé ìtura ńlá ní Seoul, olú ìlú wọn.

Àlùfáà náà kú ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ Imsil ní Kòríà, wàrà dídì yìí ni ènìyàn máa ń rántí. Àwọn àlejò ń wá síbẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kí ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀? Kì í ṣe pé kí a lọ máa ṣe wàrà. Ẹ̀kọ́ náà ni pé wọ́n wo ohun tí ilẹ̀ wọn lè fún wọn, wọn kò sì tà á bí ó ti wà. Wọ́n fi iṣẹ́ kún un. Wọ́n jọ ṣe é. Ìjákulẹ̀ kò sì mú wọn dáwọ́ dúró. Bí àwọn tó ní koríko lórí òkè bá lè ṣe èyí, àwa tí a ní ọ̀pẹ ńkọ́?

KÍ NI KÍ A ṢE?

Mo ní èrò mẹ́rin.

1. Ẹ má ṣe ta ilẹ̀. Ẹ gba ìwé rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2013, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2017, fún wa láàyè láti gba ìwé ẹ̀rí lórí ilẹ̀ ìdílé. ADC ni wọ́n ń pe ìwé náà. Ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ní abúlé yín tàbí ilé méẹ̀rì, kí ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ má ṣe tẹ àtẹ̀ka sí ìwé tí ẹ kò kà. Bí ó bá jẹ́ èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ mú un lọ bá ẹni tí ẹ fọkàn tán kí ó túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí owó bá di dandan, nítorí àìsàn tàbí ìsìnkú, ẹ fi apá kan ilẹ̀ náà yá àgbẹ̀ mìíràn fún ọdún díẹ̀. Ẹ kọ iye ọdún náà sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Òfin ìdílé tó jáde ní ọdún 2004 sọ pé ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà sí ogún baba wọn. Àwọn obìnrin ló ń fọ́ epo, àwọn ló ń yan gàrí. Báwo ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò ṣe ní ní ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ lé?

2. Ẹ bọ́ ilẹ̀ kí ilẹ̀ lè bọ́ yín.

Ẹ má ṣe sun pàǹtírí oko. Ẹ jẹ́ kí ó jẹrà sínú ilẹ̀. Ẹ máa gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tẹ̀ lé àgbàdo, nítorí gbòǹgbò wọn ń fún ilẹ̀ lókun.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irúgbìn kan pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní Mónò. Mucuna ni wọ́n ń pè é. Ìbátan wèrèpè ni, ṣùgbọ́n kì í yún ara. Wọ́n ń gbìn ín sáàárín àgbàdo nígbà tí àgbàdo bá ti dàgbà díẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, yóò bo gbogbo ilẹ̀, yóò pa ẹ̀kan, ewé rẹ̀ yóò sì di ajílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ilẹ̀ wọn ti ṣá ló rí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: èso rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀wà tí a ń sè fún ọmọ. Ó lè dá àìsàn sílẹ̀.

3. Ẹ gbin ọ̀pẹ tuntun.

Ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ wa ti gbó. Wọ́n ga ju ohun tí ọ̀dọ́ fẹ́ gùn lọ, ekùrọ́ wọn nípọn, epo wọn kéré. Ọ̀pẹ tí wọ́n ṣe ní Pobẹ̀ máa ń so láàárín bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹran èso rẹ̀ pọ̀, epo rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ìbílẹ̀ lọ. Ẹ gbìn ín ní mítà mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án síra wọn. Bí ẹ bá tò ó dáadáa, 143 ni yóò wọ inú ẹ́kítà kan. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ẹ ṣì lè gbin àgbàdo àti ẹ̀pà sáàárín wọn. Ẹ ra ọ̀dọ́ ọ̀pẹ níbi tí ẹ ti mọ orísun rẹ̀. Ẹni tó bá hú èyí tó hù lábẹ́ ọ̀pẹ gbìn, kò mọ ohun tí yóò so.

Epo pupa tún jẹ́ oògùn ojú. Ohun tó mú un pọ́n wà lára ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A. Ọmọ tí kò rí i jẹ tó lè má ríran dáadáa ní alẹ́. Nítorí náà, kí a tó ta epo, kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọbẹ̀ ilé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gbóná títí yóò fi funfun, nítorí oore náà yóò ti sá lọ.

4. Ẹ ṣe é parí kí ẹ tó tà á, kí ẹ sì jọ ṣe é.

Nínú 100 kílò gbágùúdá tútù, bíi 20 sí 25 kílò gàrí ni a ń rí. Ó dà bí ẹni pé ó dín kù. Ṣùgbọ́n gbágùúdá tútù yóò bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gàrí tó gbẹ dáadáa yóò pẹ́ fún oṣù púpọ̀. Bí wọ́n bá ti ẹnubodè, gàrí lè dúró dè wọ́n. Gbágùúdá tútù kò lè dúró. Ẹ jẹ́ kí ó kan dáadáa nínú àpò kí ẹ tó yan án, kí májèlé inú rẹ̀ lè jáde. Ẹ sá èèpo rẹ̀ gbẹ fún ewúrẹ́.

Bákan náà ni epo. Ó máa ń pọ̀, ó sì máa ń wọ́pọ̀ lọ́jà nígbà tí ẹyìn bá ń pọ́n, kí òjò ńlá tó mú ilẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó máa ń wọ́n. Ẹni tó bá lè tọ́jú díẹ̀ pamọ́ ni yóò jèrè. Ẹnì kan kò lè dá ẹ̀rọ rà. Ṣùgbọ́n ìyá mẹ́wàá tí ń dá èsúsú lè rà á. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ wà, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì lè kà á.

Àwọn alákòóso wa náà ní iṣẹ́ tiwọn. Àgbẹ̀ Ìsàbà kò lè fi gàrí rẹ̀ dé ọjà bí ọ̀nà bá di ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé kòmúùnù, ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀nà. Ẹ máa béèrè títí wọn yóò fi gbọ́.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ẹnubodè yóò máa ṣí, yóò máa tì. Bó ti wà láyé àwọn baba wa nìyẹn, bó ti wà láyé tiwa náà nìyẹn. Ẹ máa ná ọjà rẹ̀ nígbà tó bá ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá tún tì í, kí ọ̀pẹ wa wà lórí ilẹ̀ wa, kí gàrí wà nínú àká, kí ìwé ilẹ̀ wà nínú àpótí. Nígbà náà, a lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa, kí a máa dúró dè wọ́n láìfòyà.

Kí ilẹ̀ má ṣe bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ o.

Ẹ JẸ́ KÍ A JÍRÒRÒ

1. Ní ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè, báwo ni ẹ ṣe rí oúnjẹ jẹ nínú ilé yín?
2. Irú ilẹ̀ wo ni ẹ ní? Kí ni àmì tí ẹ fi ń mọ̀ pé ó ti ń ṣá?
3. Ta ni ìwé ilẹ̀ ìdílé yín wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ ti kà á rí?
4. Kí ni ẹ ń tà ní tútù tí ẹ lè ṣe parí kí ẹ tó tà á? Àwọn wo ni ẹ lè bá jọ ṣe é?